Jíìnì tó wà ní etí kírómósómù: ta ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, kí ló sì ń tú wọn lẹ́nu?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (Àtìní, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Mo ní sẹ́mínà kan láti ṣe lóṣù tó ń bọ̀, olùdarí mi sì ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ lédè Yorùbá fún ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó ní tí mi ò bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò tíì yé èmi gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí.

Candida glabrata ni orúkọ kòkòrò tí mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìbátan ìwúkàrà tí wọ́n fi ń wú búrẹ́dì àti másà ni. Kódà, ó sún mọ́ ìwúkàrà búrẹ́dì ju bó ṣe sún mọ́ Candida albicans tí wọ́n jọ ń jẹ́ Candida lọ. Láìpẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nakaseomyces glabratus, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ láàbù ṣì ń pè é. Ó ń gbé nínú ìfun àti ojú ara ọ̀pọ̀ èèyàn láìyọ wọ́n lẹ́nu. Ọjọ́ tí ara bá rẹ̀wẹ̀sì, tí àtọ̀gbẹ bá ń bá èèyàn fínra, tàbí tí wọ́n bá fi rọ́bà ìtọ̀ sí èèyàn lára, ni yóò di àìsàn. Lóṣù kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tó to àwọn olu àti ìwúkàrà tó ń ṣàìsàn sí ìpele mẹ́ta bí ewu wọn ṣe tó. Ìpele kejì láti òkè ni wọ́n fi eléyìí sí.

Kírómósómù 13 ló ní, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò ní ìkejì bíi tiwa. Ẹ fojú inú wo kírómósómù kan bí okùn gígùn. Jíìnì ni àṣẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ sára okùn náà. Ọ̀pọ̀ jíìnì tí ìwúkàrà yìí ń lò lójoojúmọ́ wà láàrin okùn. Àmọ́ ní ìtòsí etí okùn, ó kó ọ̀wọ́ jíìnì kan síbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní EPA. Àtè ni EPA. Àtè yẹn gan-an tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ. Purotéènì tó yọ síta lára ìwúkàrà ni, tó ń di ṣúgà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì wa mú. Lọ́dún 1999 ni Brendan Cormack àti Stanley Falkow pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn kéde àkọ́kọ́, EPA1. Nígbà tí wọ́n wá ka gbogbo DNA rẹ̀, ìyẹn òwú tí okùn náà fi wà, tán lọ́dún 2004, wọ́n rí i pé EPA lé ní 15, púpọ̀ nínú wọn ló sì wà ní etí.

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í sọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé sẹ́ẹ̀lì kì í kà wọ́n láti fi ṣiṣẹ́. Ẹnì kan pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ohun tó gba oorun lójú mi láti ọdún tó kọjá ni pé ìwúkàrà yìí kó àtè tó fi lè mú wa pamọ́ sí etí aṣọ ara rẹ̀, ó sì fi ìdè kan dì í, ìdè tí yóò tú fúnra rẹ̀ nígbà tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ nínú ara wa.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dáa fún etí kírómósómù yẹn, tí wọ́n ń pè ní tẹ́lómíà. Mo ti ń pè é ní "ṣóńṣó kírómósómù", àmọ́ kò wọ̀ mí létí.

Ahunṣọ_Ìlọrin (Àtìní, 10:02 alẹ́)

Akẹ́kọ̀ọ́, o kú iṣẹ́. Èmi ò lọ yunifásítì o, òfì ni mo bá bàbá mi nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ka ohun tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣóńṣó" kò bá a mu. Ibi tó mú là ń pè ní ṣóńṣó, bíi ṣóńṣó òkè, ṣóńṣó ọ̀bẹ. Ohun tó ò ń wá ni ìṣẹ́tí. Ìṣẹ́tí aṣọ ni ibi tí a ti ṣẹ́ etí aṣọ kó má baà máa tú. Bí okùn tó ò ń wí yìí bá ní ibi tí kì í jẹ́ kó tú, ìṣẹ́tí ni.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Nídìí òfì, a máa ń na òwú lọ síwájú, a ó fi ẹrù dì í mú kó lè le. Bí a ṣe ń hun ún ni ẹrù náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó bá kù díẹ̀, ọ̀kọ̀ kò ní ráàyè kọjá mọ́. Bó ti wù kí ọwọ́ èèyàn já fáfá tó, òwú díẹ̀ ló máa ṣẹ́kù ní ìparí tí kò ṣeé hun. Ṣé irú ẹ̀ wà lára DNA yín yìí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (Àtìní, 10:31 alẹ́)

Bàbá, ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti pa "ṣóńṣó" rẹ́ nínú ìwé mi, ìṣẹ́tí ni mo kọ dípò rẹ̀.

Ìbéèrè yín, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ da DNA rẹ̀ kọ. Ẹ̀rọ tó ń dà á kọ kò lè dé òpin pátápátá, bí ọ̀kọ̀ yín kò ṣe ráàyè kọjá. Tí kò bá sí àtúnṣe, ìṣẹ́tí á máa kúrú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan jíìnì gidi. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì ní oníṣẹ́ kan, telomerase, tó ń so òwú tuntun mọ́ etí. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n torí ẹ̀ fún Elizabeth Blackburn, Carol Greider àti Jack Szostak ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2009. Ohun tí ó ń so mọ́ ọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, gbólóhùn kúkúrú kan náà ló ń tún sọ ṣáá. Tiwa èèyàn ni TTAGGG. Ti C. glabrata gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́tà 16 ni, kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Orí gbólóhùn yìí ni ìpanilẹ́numọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ Rap1, ìṣẹ́tí ló máa ń jókòó sí. Rap1 á pe purotéènì méjì mìíràn, Sir3 àti Sir4, àwọn náà á fa ìkẹta wọn, Sir2, wọlé. DNA kì í wà ní ìhòòhò nínú sẹ́ẹ̀lì, ara purotéènì tí wọ́n ń pè ní hísítónì ló wé mọ́, bí òwú ṣe ń wé mọ́ ìrànwú. Hísítónì máa ń ní àmì kékeré kan lára, asẹ́tìlì, tó ń jẹ́ kí òwú náà dẹ̀ díẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì lè ráàyè wọlé. Iṣẹ́ Sir2 ni kó bọ́ àmì yẹn kúrò. Tó bá ti bọ́ ọ, Sir3 àti Sir4 mìíràn á rí ibi dì mú, wọ́n á pe Sir2 mìíràn, báyìí ni wọ́n á ṣe máa rìn láti ìṣẹ́tí wọ inú. Gbogbo jíìnì tí wọ́n bá rìn dé orí rẹ̀ á dákẹ́.

Tíṣà_Òmù-Àrán (Àtàlátà, 6:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Akẹ́kọ̀ọ́, àlàyé rẹ dùn ún kà, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní bàòlọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò ní jẹ́ kó o kọjá bẹ́ẹ̀. O ní ibi tí jíìnì wà ló pa á lẹ́nu mọ́. Báwo lo ṣe mọ̀? Ó lè jẹ́ pé ìwà jíìnì EPA fúnra rẹ̀ ni kó dákẹ́. Ẹni tó ń gbé ní etí ìlú tí kì í sọ̀rọ̀, ṣé etí ìlú ló sọ ọ́ di odi? Mú ẹ̀rí wá.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (Àtàlátà, 7:05 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ sà. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi mí lọ́jọ́ sẹ́mínà nìyẹn, ó dáa bó ṣe kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ yín wá.

Ara ìwúkàrà búrẹ́dì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀. Lọ́dún 1990, Daniel Gottschling, Virginia Zakian àti ẹlẹgbẹ́ wọn mú jíìnì tó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa láàrin okùn, wọ́n gbé e lọ sí ìtòsí ìṣẹ́tí. Jíìnì náà kò yí padà, ibùgbé rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n lò ni ADE2. Tí ADE2 bá ń sọ̀rọ̀, ìdì ìwúkàrà tó hù lórí àwo á funfun. Tó bá dákẹ́, á pọ́n. Ohun tí wọ́n rí lórí àwo ni pupa, funfun, àti àwọn ìdì tó lójú pupa àti funfun pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ilà funfun sínú àlàárì. DNA kan náà ni gbogbo wọn ní o. Àwọn kan dákẹ́, àwọn kan ń sọ̀rọ̀, ọmọ wọn sì ń jogún ìdákẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ náà fún ìran bíi mélòó kan kí ó tó yí padà.

Ní ti C. glabrata, ọdún 2003 ni Alejandro De Las Peñas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é. Wọ́n ki jíìnì àjèjì kan, URA3, bọ ààrin àwọn EPA. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ 5-FOA. Sẹ́ẹ̀lì tí URA3 rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ á sọ ọ́ di májèlé, á sì kú. Èyí tí URA3 rẹ̀ bá dákẹ́ á yè. Ìwúkàrà wọn yè, ìyẹn ni pé àjèjì náà dákẹ́ bí àwọn onílé. Wọ́n wá yọ Sir3 kúrò, ìdákẹ́ sì tú. Sà, URA3 kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, kò sì ní ìwà EPA kankan lára. Àdúgbò ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ìwúkàrà tí wọ́n yọ Sir3 rẹ̀ yẹn wá ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ju èyí tó pé lọ. Nígbà tí wọ́n fi í sára èkúté, ó pọ̀ sí i nínú kíndìnrín wọn.

Tíṣà_Òmù-Àrán (Àtàlátà, 7:40 àárọ̀)

Mo gbà. Ti URA3 yẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ náà, kó o tó dárúkọ Sir kankan.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà (Àtàlátà, 1:18 ọ̀sán)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yín ká mi lára ni mo ṣe dá sí i. Bàbá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Àtọ̀gbẹ ń ṣe wọ́n, kókó inú abẹ́ ọkùnrin kò sì jẹ́ kí ìtọ̀ wọn máa dà, ni wọ́n bá fi rọ́bà sí wọn lára. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tá a bá gbé ìtọ̀ wọn lọ fún àyẹ̀wò, ohun tí wọ́n ń kọ sórí ìwé ni pé àwọn rí ìwúkàrà. Wọ́n ti fún wọn ní fluconazole, oògùn tó ń pa ìwúkàrà, lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta náà, tá a bá padà lọ, ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ní "tọ́lẹ̀ẹ̀tì infẹ́ṣọ̀n" ni, pé ilé ìtura wa ni kò mọ́. Mo ti fọ ilé ìtura yẹn títí ọwọ́ mi fi bó. Ṣé irú èyí tí ẹ̀ ń sọ yìí ló lè wà lára wọn?

Onílàábù_Ajàṣẹ́ (Àtàlátà, 2:50 ọ̀sán)

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ má fọ ilé ìtura nítorí èyí mọ́. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ ni ìwúkàrà yìí ti sábà máa ń wá, ọ̀nà tó ń gbà wọlé ni rọ́bà.

"A rí ìwúkàrà" kò tó. Bí ìgbà tí wọ́n bá ní "a rí ènìyàn" lójú ọjà ni. Irú wo? Àyẹ̀wò kan wà tí kò náni lówó púpọ̀: ẹ ó fi ìwúkàrà náà sínú omi ara ẹ̀jẹ̀, ẹ ó gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, ìwọ̀n 37, fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Tó bá jẹ́ C. albicans, á yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan síta bí ìgbà tí ẹ̀wà bá ń hù. C. glabrata kì í yọ ọ́ láé. Àwo kan sì wà tó ń fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀: albicans á hù ní àwọ̀ ewé, tropicalis á rí bíi búlúù, glabrata á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àwọ̀ èèpo àlùbọ́sà. Ẹ béèrè fún orúkọ irú ìwúkàrà náà, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè dán oògùn wò lára rẹ̀. C. glabrata kì í sábà gbọ́ ti fluconazole bí albicans ṣe ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ìwúkàrà tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ ẹni tó ní rọ́bà lára ló ń fẹ́ oògùn. Nígbà mìíràn, tí wọ́n bá yọ rọ́bà tàbí tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ló máa wo ibà, ìrora àti ara wọn lápapọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òró (Àtàlátà, 4:11 ìrọ̀lẹ́)

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Inú rọ́bà yẹn gan-an ni ìwúkàrà máa ń kọ́ ilé sí. Ẹ ti rí inú àmù tí wọn ò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe ń yọ̀ tí èèyàn bá fi ọwọ́ kàn án? Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ohun yíyọ̀ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́, ṣé EPA rẹ ló ń ṣe ìyẹn náà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (Àtàlátà, 8:45 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ Ìyá Ìbejì, mo bá yín tọrọ àlàáfíà fún bàbá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni. EPA6 wà lára ohun tí ìwúkàrà yìí fi ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, abẹ́ àṣẹ Sir ló sì wà.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tí ẹ gbé dé yìí gan-an ni ọkàn iṣẹ́ mi. Sir2 tí mo ní ó ń bọ́ àmì kúrò lára hísítónì, kì í ṣiṣẹ́ lásán. Gbogbo àmì kan tó bá bọ́, ẹyọ NAD kan, èròjà kékeré kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń jẹ. Ọdún 2000 ni wọ́n ti fi èyí hàn. Inú ẹbí fítámì B3 ni NAD ti ń wá, tí náyásìn wà lára wọn. Ìwúkàrà búrẹ́dì lè ṣe NAD fúnra rẹ̀ látinú tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí wọ́n fi ń mọ purotéènì. C. glabrata kò lè ṣe é. Ó ti pàdánù àwọn jíìnì iṣẹ́ yẹn láti ìran wá. Ohun tó bá rí lára wa ló ń jẹ.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Níbi tí náyásìn bá ti pọ̀, NAD á pọ̀, Sir2 á jẹun yó, EPA á dákẹ́. Nínú ìtọ̀, náyásìn kò tó nǹkan. NAD á dín kù, ọwọ́ Sir2 á rọ, ìdè á tú láti ìṣẹ́tí, àtè á yọ síta. Níbi tí omi ti ń ṣàn tó yẹ kó gbá a lọ, ibẹ̀ gan-an ló ti ń lẹ̀ mọ́ra. Renee Domergue àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ nínú láàbù Cormack kéde èyí lọ́dún 2005. Nínú àpò ìtọ̀ èkúté, wọ́n rí i pé EPA6 ń sọ̀rọ̀. Nínú èkúté tí àìsàn náà gba inú ẹ̀jẹ̀ kiri ara rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwúkàrà yìí kò ní ojú, kò ní imú. Ebi fítámì kan ló fi ń mọ ibi tó wà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka iṣẹ́ yẹn, mo dìde kúrò lórí àga, mo rìn dé ọ̀nà gétì yunifásítì kí n tó padà wá kà á parí.

Ọmọ_Alfa_Gàmbàrí (Àtàlátà, 9:20 alẹ́)

Sàláàmù aléékùn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ti là nìyẹn. Kí bàbá máa lo oògùn fítámì B3. Ó wà ní kẹ́míìsì, kò wọ́n. Á kún inú ìtọ̀, Sir2 á jẹun, àtè á dákẹ́. Àbí mo ṣì í?

Nọ́ọ̀sì_Òró (Àtàlátà, 9:33 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá àgbàlagbà tí àtọ̀gbẹ ń ṣe. Náyásìn tó bá pọ̀ lára máa ń mú kí ojú àti àyà gbóná kó pọ́n, ó lè ba ẹ̀dọ̀ lára jẹ́, ó sì máa ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Mo ti rí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò ó, tó sáré dé ọ̀dọ̀ wa lóru.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (Àtàlátà, 9:58 alẹ́)

Wàléékùmù sàláàmù, ọmọ Alfa. Ìrònú yín tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdajì, inú mi dùn pé ẹ tẹ̀lé e débẹ̀. Ohun tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ ló ṣáájú. Ìkejì rèé.

Ohun tí wọ́n ń tà ní B3 kì í ṣe ẹyọ kan. Òmíràn jẹ́ nicotinic acid, òmíràn jẹ́ nicotinamide, ìkejì yìí ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn fítámì. Nígbà tí Sir2 bá jẹ NAD, nicotinamide ni èépá tó ń tu jáde. Tí èépá yẹn bá wá pọ̀ jù láyìíká rẹ̀, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú láàbù, nicotinamide la fi ń dá Sir2 dúró nígbà tá a bá fẹ́ kí àwọn jíìnì ìṣẹ́tí sọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé ẹni tó fẹ́ pa àtè lẹ́nu mọ́ lè ra ohun tó ń tú u lẹ́nu, kí orúkọ ara páálí sì jẹ́ B3 lọ́nà méjèèjì.

Ìkẹta, kì í ṣe ebi náyásìn nìkan ló ń tú ìdè yẹn. Láàbù Cormack náà fi hàn lọ́dún 2009 pé párábẹ́nì, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sí ìpara kó má baà bàjẹ́, lè mú kí EPA6 sọ̀rọ̀ níbi tó bá kan, bíi ti ojú ara obìnrin. Ìyẹn kò kọjá lọ́dọ̀ Sir2 rárá, ọ̀nà mìíràn ló gbà.

Tíṣà_Òmù-Àrán (Àlàrùba, 6:02 àárọ̀)

Mo ti ronú sí i lóru. Ìbéèrè kan ló kù fún mi. Kí ló dé tó fi kó wọn sí etí? Ìwúkàrà lè fi àtè rẹ̀ sí ààrin okùn, kó wá ọ̀nà mìíràn láti máa ṣí i kó máa tì í. Ọ̀pọ̀ jíìnì wà láàrin tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì láìsí Sir.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (Àlàrùba, 7:30 àárọ̀)

Sà, mo rò pé nǹkan méjì ni. Etí okùn kan máa ń jọ etí okùn kejì, nítorí náà wọ́n máa ń ṣèèṣì gba DNA lọ́wọ́ ara wọn. Jíìnì tó bá wà níbẹ̀ á máa pọ̀ sí i, á máa yí padà ju ti ààrin lọ. Bí EPA kan ṣe di ọ̀wọ́ nìyẹn, tí ìkọ̀ọ̀kan sì ń di irú ṣúgà tó yàtọ̀ díẹ̀ mú. Ìkejì ni pé ìdákẹ́ ìṣẹ́tí kì í ṣe bákan náà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, bí àwọn ìdì pupa àti funfun yẹn. Nínú ẹgbẹ́ kan, díẹ̀ á ti yọ àtè síta kí ìṣòro tó dé.

Kì í ṣe ìwúkàrà nìkan ló ń ṣe é. Ẹ rántí ibà. Plasmodium falciparum tó ń fún wa ní ibà ní nǹkan bí 60 jíìnì tí wọ́n ń pè ní var, etí kírómósómù ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ìkan ṣoṣo ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òun náà fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ara wa bá mọ aṣọ tó wọ̀, á ti wọ òmíràn. Ọdún 2005 náà ni wọ́n fi hàn pé ó ní Sir2 tirẹ̀ tó ń bá a pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Kòkòrò tó ń fa àìsàn oorun ń lo etí kírómósómù bákan náà láti máa pààrọ̀ ẹ̀wù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ìbátan tó sún mọ́ra rárá.

Tíṣà_Òmù-Àrán (Àlàrùba, 7:52 àárọ̀)

Ìdáhùn kejì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Máa fi ibà bẹ̀rẹ̀ tó o bá ń bá àwọn aráàlú sọ̀rọ̀. Kò sí ilé tí kò mọ ibà.

Ahunṣọ_Ìlọrin (Àlàrùba, 12:40 ọ̀sán)

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí òfì. Ọ̀rọ̀ tí Akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé ìdákẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti etí wọ inú, mo fi hàn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ní aṣọ tí wọn ò bá ṣẹ́tí rẹ̀ dáadáa, etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo ní kó lọ kọ ọ́ síbì kan.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà (Jímọ̀, 5:25 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n padà wá sọ fún yín. Mo gbé ìtọ̀ bàbá lọ sí láàbù mìíràn ní Ìlọrin, mo sì béèrè bí Onílàábù ṣe kọ́ mi. Kò yọ ọ̀pá. Ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lórí àwo. Candida glabrata ni wọ́n kọ. Dókítà wò ó, wọ́n ní bàbá kò ní ibà, kò sí ìrora, àwọn ò ní tíì fún wọn ní oògùn mìíràn. Rọ́bà ni wọ́n yọ lánàá, wọ́n ní kí a wò ó bóyá ìtọ̀ á máa dà fúnra rẹ̀. Ó ń dà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, àlùmọ̀dúlílà. A ó padà lọ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìbéèrè tí mo ní ni pé, àtè tó ti lẹ̀ mọ́ bàbá tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè tú?

Onílàábù_Ajàṣẹ́ (Jímọ̀, 6:03 ìrọ̀lẹ́)

Àlùmọ̀dúlílà mà. Èyí tó pọ̀ jù, ara rọ́bà ló wà, ó sì ti bá rọ́bà lọ. Awọ inú àpò ìtọ̀ máa ń re bí awọ ara ṣe ń re, á máa ru èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn jáde. Ẹ jẹ́ kí bàbá máa mu omi bí dókítà bá ṣe ní kí wọ́n mu ún tó, kí ẹ sì máa ṣọ́ ṣúgà wọn. Tí ibà tàbí ìrora bá dé kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tanke (Jímọ̀, 6:20 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, tí àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá jáde, ẹ wá sọ fún wa níbí.